Awọ Tí Wọn Ò Ráyè Bó

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Jotham Tackett fi ṣe iṣẹ́ awọ ní Bitter Fork, ní ilẹ̀ Wyoming, kò sì sí darandaran kan níbẹ̀ tí kò jókòó rí lórí gàárì tó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde. Orí gàárì yẹn náà ni wọ́n jókòó sí nígbà tí wọ́n gẹṣin wá so Orrin, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, rọ̀ sórí igi. Ẹ jẹ́ ká pe nǹkan lórúkọ rẹ̀: ìpànìyàn ni.

Wọ́n ní Orrin jí màlúù. Olówó kan ló ni ọgbà màlúù ńlá tó wà níbẹ̀, ìdajì òbìrí ni ó sì máa ń fi irin gbígbóná tẹ̀ sára ẹran tirẹ̀. Odindi òbìrí ni àmì Orrin. Virgil Stroup, ọ̀gá àwọn darandaran olówó yìí, rí abo màlúù kan lágbàlá Orrin, ó wò ó láti orí ẹṣin, ó ní Orrin ti fi irin sọ ìdajì di odindi. Ẹjọ́ parí nìyẹn. Ìgbìmọ̀ tó wádìí ikú náà jókòó nílé ọtí, wọn ò tíì mu kọfí kan tán tí wọ́n fi kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn tí a kò mọ̀ ló pa á. Ẹ gbọ́ o! Níbi tí wọ́n ti ń dá ẹṣin ara wọn mọ̀ láti orí òkè, wọn ò mọ ẹni tó pa ọmọ ọlọ́mọ lọ́sàn-án gangan!

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, alásè ọgbà ńlá náà kó awọ wá tà fún Jotham. Ìkẹrin tó tú, awọ màlúù Orrin tí wọ́n kó lọ pa jẹ ni, odindi òbìrí wà lára rẹ̀. Gbogbo oníṣẹ́ awọ ló mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ onírun lè purọ́, ṣùgbọ́n inú awọ kì í purọ́. Bí wọ́n bá fi àmì tuntun kún ti àtijọ́, àpá méjèèjì á yàtọ̀ síra nínú lọ́hùn-ún. Jotham dà á délẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tọ òbìrí náà yípo. Àpá kan ṣoṣo ni, iná ọjọ́ kan ṣoṣo. Orrin ló ni màlúù rẹ̀.

Jotham ká awọ náà, ó mú ìbọn, ó ní òun ń lọ pa Stroup. Stroup ti kúrò nílùú nígbà yẹn. Enos Purdy, aládùúgbò rẹ̀ tí wọ́n jọ gbẹ́ sàréè Orrin, ní òun ò ní jẹ́ kó dá lọ. Enos ló ń béèrè ọ̀nà, gúúsù ni ó sì ń sọ pé wọ́n ń júwe fún òun. Ọdún kan gbáko ni wọ́n fi jẹ ẹ̀wà kiri gúúsù. Ọjọ́ tí ibà dá Enos dùbúlẹ̀ ni Jotham fẹnu ara rẹ̀ béèrè, ọlọ́jà kan sì sọ fún un pé àríwá ni Stroup wà, kò tiẹ̀ fara pamọ́. Enos ní kí àwọn kúkú padà sílé. Jotham ò gbọ́.

Wọ́n bá Stroup níbi tí àwọn darandaran ti ń kó màlúù jọ, òun àti èèyàn bí ogún, wọ́n ń mu kọfí. Jotham tẹ́ awọ náà síwájú rẹ̀, ó kọ inú rẹ̀ sókè, ó yọ ìbọn.

"Kà á, Stroup. Ṣebí orí ẹṣin lo ti kà á lọ́jọ́sí? Ó yá, kúnlẹ̀ kó o kà á dáadáa."

Stroup wò ó títí. "Àmì kan ni," ó rọra sọ.

"Sọ ọ́ sókè! Àbí ọ̀fun ń dùn ẹ́? Ọ̀fun ọmọ mi ńkọ́?"

"Mo ní àmì kan ni, Bàbá. Mo ṣì í kà. Àmọ́ bẹ́ ẹ bá máa pa mí, ẹ pa gbogbo wa. Ẹ mọ bá a ṣe ń ṣe é níbí. Gbogbo ọwọ́ ló ń fa okùn pọ̀, kẹ́nì kan má baà dá ẹ̀jẹ̀ rù. Àwa mẹ́sàn-án ni. Ọta yín ò tó."

"Dárúkọ wọn."

Stroup nawọ́ sí mẹ́fà nínú àwọn tó jókòó, wọ́n sì ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń dárúkọ ara wọn, fìlà lọ́wọ́. Ó ní ẹnì kan ti kú. Nígbà tó kan ẹnìkẹsàn-án, ẹ̀yìn Jotham ló ń wò.

Jotham yíjú padà. Enos ló dúró síbẹ̀. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

"Wọ́n pàdé mi lọ́nà, Jotham," ni Enos wí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Wọ́n ní bí mi ò bá di okùn mú, èmi ló kàn."

"Ìwọ lò ń tì mí sí gúúsù."

"Èmi ni."

"Kí ni Orrin sọ?"

Enos ń mirí. Jotham gbé ẹnu ìbọn sí i láyà. "Mo ní kí lọmọ mi sọ?"

"Ó ní ká bó màlúù náà. Ó ní, 'Ẹ bó o, kẹ́ ẹ gbé awọ ẹ̀ lọ fún bàbá mi, wọ́n á kà á fún yín.' Stroup ní àwọn ò ráyè."

Wọn ò ráyè! Ìrìn wákàtí kan péré ni igi yẹn sí ṣọ́ọ̀bù Jotham!

Jotham wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò rí èyí tí ikú rẹ̀ tó ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ òun. Ó ti ìbọn bọ àpò rẹ̀, ó gun ẹṣin.

"Ibo lò ń lọ?" ni Enos béèrè.

"Ilé ẹ. Ọmọ ọjọ́ mẹ́rin ni Orrin nígbà tí ìyá ẹ̀ kú. Hulda ìyàwó ẹ ló gbé e, tó ń fún un lọ́mú pẹ̀lú ọmọ tiyín. Láràárọ̀ ló ń bẹ Ọlọ́run pé kó fi gbogbo ẹni tó lọ́wọ́ nínú ikú ọmọ náà han òun. Mo fẹ́ lọ sọ fún un pé àdúrà ẹ̀ ti gbà."

Enos di ìjánu mú. "Jotham, pa mí. Mo bẹ̀ ẹ́, pa mí síbí."

Jotham já ìjánu gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọrí ẹṣin sí ọ̀nà ilé.