Ọ̀rọ̀ Doña Casilda Nínú Ìwé Yobana

Ó ti rẹ Doña Casilda, kì í sì í ṣe àárẹ̀ tí oorun lè wò. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń fi gọ́ọ̀mù àti òwú di ìwé àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ní ìlú Sucre níbí, tó ń fi lẹ́tà aláwọ̀ wúrà kọ orúkọ wọn sí èèpo rẹ̀. Èmi tí mo ń ta salteña, ìpápánu ẹlẹ́ran, lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ mọ̀ pé ó máa ń kà wọ́n kó tó dì wọ́n. Ó mọ èyí tí wọ́n jí kọ, àmọ́ kò sọ̀rọ̀ rí.

"Gọ́ọ̀mù niṣẹ́ tèmi," ló máa ń wí.

Èmi a ní, "Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un." Á tún máa fa òwú rẹ̀ lọ. Inú a bí mi, torí àwọn kan nínú àwọn tó dìwé fún ti di adájọ́ báyìí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan, Yobana, ọmọ tí Casilda ṣe ìyá ìsàmì fún, gbé tirẹ̀ dé. Ẹ̀dà mẹ́ta gbọ́dọ̀ dé iwájú akọ̀wé ilé-ẹ̀kọ́ kí aago méjìlá ọ̀sán tó lù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ìwé náà dá lórí àwọn opó tí ẹbí ọkọ ń lé kúrò nílé. Lójú ewé àkọ́kọ́, ó ti búra, ó sì ti fọwọ́ sí i, pé òun fúnra òun ló ṣe gbogbo iṣẹ́ inú rẹ̀.

Casilda wọ awò ojú. Ó kà á lọ, ó wá dúró lójú kan.

"Yobana, opó tó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ jáde nínú òjò yìí, níbo lo ti rí i?"

"Mo lọ fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò ni, Màmá. Lóṣù kẹrin."

"Irọ́! Èmi ni opó yẹn. Ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ òfin kan jókòó síbi tó o jókòó sí yẹn, tó bi mí. Ìwọ tó ò ń jẹun nílé mi ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, o ò lè bi mí?"

Ojú ọmọ náà wálẹ̀. "Wọn ò kọ orúkọ opó náà sí i. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Ìwé àtijọ́ ni mo dà kọ. Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, gbogbo wọn ló ń ṣe é."

Mi ò lè pa á mọ́ra. "Lọ́yà tó jí ọ̀rọ̀ opó kó! Ta ni yóò wá bá opó gba ilé rẹ̀?"

"Fi í sílẹ̀," ni Casilda wí. Ohùn rẹ̀ kò le rárá, ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni. "Ọmọ mi, ka ibi tí mo ti dáhùn."

Yobana kà á. "'Mo ti dárí ji àwọn àbúrò ọkọ mi.'"

"Ìgbà yẹn nìyẹn. Ṣé o bi mí bóyá ó ṣì rí bẹ́ẹ̀?"

Aago méjìlá lù ní kàtídírà, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ìlú. Gọ́ọ̀mù ti gan nínú ìkòkò, kò sì sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Yobana sunkún títí. Nígbà tó ṣe, ó nu ojú, ó yí ojú ewé tó fọwọ́ sí dojú dé, ó gba bírò lọ́wọ́ mi.

"Màmá, báwo ló ṣe rí báyìí?"

Casilda bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Mi ò dárí jì wọ́n."