Òjò Àkọ́rọ̀ Ìbòkun

Wọ́n gba omi òjò wa lọ fún àyẹ̀wò, wọ́n sì kọ̀ láti sọ ohun tí wọ́n rí nínú rẹ̀ fún àwa tí a mu ún. Mo mọ̀ pé bí mo bá dúró síbẹ̀, wọn á ní ìbínú lásán ló ń sọ̀rọ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, ní kété tí a gba òmìnira, nígbà tí ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Òkè Fìà, Òṣogbo, gbà mí síṣẹ́. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Àwọn tó ni ín mọ ara wọn. Òjò àti eruku ni iṣẹ́ wa. Agolo onírin kan wà lẹ́yìn ọ́fíìsì tí òjò ń rọ̀ sí. Bí òjò bá dá, a ó wọn ún, a ó sì bu díẹ̀ sínú ìgò. Àwo pẹrẹsẹ kan tún wà lórí òpó, tí a fi bébà tó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ bò lójú, kí eruku tí ọyẹ́ ń gbé bọ̀ lè lẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ la ń ká bébà náà, a ó dì í pọ̀ mọ́ ìgò omi, ó di inú rélùwéè, ó di Èkó fún àyẹ̀wò.

Ìyá oníbúrẹ́dì tó ń tajà níwájú ọ́fíìsì wa kì í yé fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Búọ̀dá, pẹ̀lú gbogbo ìwé tí ẹ kà, eṣinṣin lẹ wá ń fi bébà mú?"

"Eruku ni, mà."

"Eruku! Ẹ yáa wá gbá yàrá mi. Ẹ ó rí i kó dé Èkó."

Èmi náà a máa rẹ́rìn-ín. N kò tíì mọ ìdí tí a fi ń kó eruku. Ọ̀gá mi, Ọ̀gbẹ́ni Adégòkè, kò sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ tí mo wọṣẹ́. Gbólóhùn kan ló fi kọ́ mi níṣẹ́: "Gbà á, dì í, fi ránṣẹ́."

Nígbà tí ọyẹ́ dé ni mo gbọ́ lórí rédíò pé àwọn Faransé tún ti yin bọ́ǹbù átọ́míìkì nínú aṣálẹ̀ Sàhárà. Mo bojú wo àwo orí òpó. Mo rí eruku pupa tó bò ó. Ibo ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá, bí kì í bá ṣe aṣálẹ̀ yẹn? Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti ká bébà yẹn tán, màá fọ ọwọ́, màá tún un fọ̀, ọkàn mi kò sì ní balẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ má rò pé ojo ni mí. Mo mọ ohun tí mò ń bẹ̀rù. Olùkọ́ wa kan ní yunifásítì ti sọ ìtàn Hiroṣímà fún wa, ìlú Japan tí Amẹ́ríkà ju irú bọ́ǹbù bẹ́ẹ̀ lé lórí nígbà ogun àgbáyé kejì. Iná tó jó ìlú náà kọ́ ló lé oorun lọ lójú mi. Òjò ni. Àwọn tí iná kò pa lójú ẹsẹ̀ ń kígbe omi. Ara wọn ti bó, ọ̀fun wọn ti gbẹ. Òjò bá ṣú, ó rọ̀, ó dúdú bí àdí. Wọ́n la ẹnu sí i. Wọ́n rò pé àánú ló dé, wọn kò mọ̀ pé eérú bọ́ǹbù ló wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, àwọn tí iná kò tilẹ̀ kàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn: irun ń re, ẹ̀jẹ̀ ń sun ní èrìgì, wọ́n sì ń kú, àwọn tó ń tọ́jú wọn kò mọ orúkọ àrùn náà.

Mo tọ ọ̀gá mi lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ṣé oró bọ́ǹbù yìí là ń wá nínú eruku?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?"

"Bí òjò àkọ́rọ̀ bá fọ eruku yìí sílẹ̀, ṣé ó ṣeé mu? Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Hiroṣímà..."

"Ìyẹn ogun. Èyí kì í ṣe ogun, wọ́n ń dán an wò ni."

"Sà, ṣé òjò mọ ìyàtọ̀?"

Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. "Gbà á. Dì í. Fi ránṣẹ́. A kò gba ẹnu rẹ síṣẹ́."

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Omi tí mo bá nínú agolo pọ́n bí omi tí wọ́n fi ṣan iṣu. Fọlákẹ́, ìyàwó mi, wà ní Ìbòkun lọ́dọ̀ ìyá mi. Oyún àkọ́bí wa ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rùn ti mú kí odò tí wọ́n ń pọn gbẹ. N kò dúró gba àyè. Mo wọ lọ́rì lọ sí Iléṣà, mo tún wọ òmíràn lọ sí Ìbòkun.

Nígbà tí mo débẹ̀, gbogbo ọpọ́n àti garawa ilé ló tò sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, àmù ti kún. Inú ìyá mi ń dùn.

"Ée ti rí, ọmọ mi? Ùwọ rèé láàárín ọ̀sẹ̀?"

N kò kí wọn dáadáa. "Màmá, ṣé ẹ ti mu nínú omi yìí?"

"Kí la ó fi ṣe, ká fi wẹ ẹsẹ̀? Ìyàwó rẹ ló kọ́kọ́ mu."

Fọlákẹ́ rẹ́rìn-ín láti ibi tó jókòó sí. "Òùngbẹ ń gbẹ mí. Ó tutù, ó dùn. Kí ló dé tí ojú yín rí báyìí?"

Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ àwọn ará Hiroṣímà gan-an nìyẹn. Mo bu omi àmù sínú ìgò kan, mo dé e, mo kọ "Ìbòkun" sí i lára. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í da ìyókù nù. Agboolé dàrú.

"Ẹ wá o! Ìwé ti yí i lórí!"

"Bọ́ǹbù? Kí ni Faransé jẹ ní Ìbòkun?"

Ìyá mi mú mi lọ́wọ́. "Àtìgbà tí wọ́n ti bí mi ni mo ti ń mu òjò Olúwa."

"Màmá, kì í ṣe ti Olúwa nìkan mọ́."

Mo bẹ gbogbo wọn pé kí wọ́n jẹ́ kí òjò fọ òrùlé dáadáa kí wọ́n tó máa gbe omi. Àwọn kan gbọ́, àwọn kan fi mí rẹ́rìn-ín. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ọ̀rọ̀ ti dé Ọ̀tan-Ilé, ó sì ti dé etí ọ̀gá mi. Ó gba ìgò Ìbòkun lọ́wọ́ mi, ó fi ránṣẹ́ sí Èkó, ó sì ní kí n má padà wá sí ọ́fíìsì títí wọn ó fi pè mí. Ẹ̀sùn mi? Mo dẹ́rù ba ará ìlú láìsí ìdí.

Mo lọ sílé rẹ̀ láti lọ bẹ̀bẹ̀. Kò sí nílé; ìyàwó rẹ̀ ní kí n jókòó dè é. Ibẹ̀ ni mo wà tí òjò fi ṣú. Kí ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ tó kan páànù, obìnrin náà ti sáré bọ́ síta, ó ń da gbogbo ọpọ́n dojú dé, ó ń ké sí àwọn ọmọ rẹ̀: "Ẹ wọlé! Ẹ má jẹ́ kó kàn yín lẹ́nu o! Bàbá yín ní a ò gbọdọ̀ mu òjò ọdún yìí!" Wọ́n ti fi páànù tuntun bo kànga wọn.

N kò dúró de ọ̀gá mi mọ́.

Wọn kò pè mí padà. Ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Iléṣà ni mo ti ń kọ́ni láti ìgbà náà. Ọmọbìnrin ni Fọlákẹ́ bí, a sọ ọ́ ní Bọ́sẹ̀dé. Ara rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n ẹ bi mí bí mo ṣe tọ́ ọ. Bó bá ya irun, màá máa wo iye tó kù sínú òòyà. Bí ibà bá mú un, màá la ẹnu rẹ̀ wo èrìgì. Dókítà máa ń ní ibà lásán ni, ibà náà a sì lọ. Ìfòyà tèmi kì í bá a lọ. Mo kọ̀wé sí Èkó títí ó fi sú mi. Wọn kò fèsì rí.

Ní báyìí, Bọ́sẹ̀dé ti relé ọkọ, ó sì ti lóyún. Ó wá bá mi lọ́jọ́ kan, ó kúnlẹ̀, ó ní: "Bàbá mi, kí ló wà nínú omi tí màmá mi mu?" Èmi tí mo kàwé, èmi tí mo fi ọwọ́ ara mi bu omi náà, mo mú gègé, mo sì jókòó kọ èyí.

Ẹ̀yin tí ẹ gba ìgò náà ni mò ń bi. Bí omi náà bá mọ́, èwo ni ti ọpọ́n tí ẹ dà dojú dé nílé yín? Bí kò bá mọ́, ta ló fún yín láṣẹ láti gba àwọn ọmọ tiyín là, kí ẹ sì pa wá lẹ́nu mọ́? Kí lẹ rí nínú omi Ìbòkun? Ẹ má dá mi lóhùn mọ́, mo ti dàgbà. Ọmọ mi ni kí ẹ dá lóhùn, kó tó bímọ.