Igún Mẹ́rin Ló Kù

Lánàá, ní ọjà Arzèkè ní Parakou níbí, aránṣọ kan tẹ́ aṣọ onígun mẹ́rin sílẹ̀, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa òbíríkítí sí i títí tó fi kan etí aṣọ náà yí ká, ó sì ń fi sísọ́ọ̀sì gé e. Nígbà tí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ́ sílẹ̀, ara mi bù máṣọ. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè fi mí ṣẹ̀rín, àmọ́ ẹ gbọ́ ná.

Ní ilé ìwé wa ní Ladjifarani, ọmọ Bàrìbá ni mẹ́tìrì wa. Faransé ló fi ń kọ́ wa, ṣùgbọ́n tó bá rí i pé kò yé àwa ọmọ Yorùbá, á fi Yorùbá rẹ̀ tí kò níyọ̀ ràn wá lọ́wọ́. Ó ya òbíríkítí sínú karé, onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba, lójú pátákó, ó bi wá pé èwo ló tóbi jù: òbíríkítí ni àbí ìyókù? Ó nàka sí àwọn igun náà, ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ̀ gbé ohùn sókè: "Igún mẹ́rin ló kù!"

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Fẹlisí nìkan ni kò rín, ọ̀rẹ́ mi, ọmọ káfíńtà ará Ìdàáṣà, tó jókòó tì mí. Ẹnu mi tí kò mọ ìdákẹ́ sọ sí i létí pé, "Ìwọ ni wọ́n ń dúró dè."

Nírọ̀lẹ́, ó gé páálí bí mẹ́tìrì ṣe yà á. Ó to igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí òbíríkítí náà, ó kó ṣóńṣó wọn pọ̀ sí àárín, wọ́n sì dà bí ìràwọ̀. Ibi tí wọ́n bò fi díẹ̀ ju ìdámẹ́rin lọ.

"Ṣé o rí i? Wọn ò tó. Wọn ò lè jẹ mí tán." Ojú mi ló ń wò, pé kí n ṣáà gbà. Mo fẹ́ ṣe bí ọlọ́gbọ́n; mo ní, "Wọn ò tíì jẹun ni."

Ibà dá Fẹlisí dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ní ọjọ́ kẹta, a gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lórí páànù kíláàsì wa, a sáré jáde: igún mẹ́rin. Wọn kò mira àfìgbà tí mẹ́tìrì sọ òkò lù wọ́n. A ò tíì jáde ilé ìwé tí ìròyìn ikú Fẹlisí fi dé. Ìyá rẹ̀ dì mọ́ mi, ó rò pé ìbànújẹ́ ló ń mú mi gbọ̀n. Ẹ̀rù ni. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí.

Igún ti ṣọ̀wọ́n ní Parakou báyìí, oògùn ibà sì ti dára ju ti ayé ìgbà yẹn lọ. Ìdáhùn ìṣirò náà ni kò yí padà. Nígbà tí mo délé, mo ní kí ọmọ ọmọ mi bá mi ṣe é. Ó ní òbíríkítí náà tóbi ju igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ ní ìlọ́po mẹ́ta ó lé. Fẹlisí ló jàre. Mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí páálí náà wà níwájú wa. Ohun tó ń retí lẹ́nu mi kò ju "Òótọ́ ni, wọn ò tó" lọ.