Ọta Bàbà Lórí Òkè Foel Wen

Tí àgùntàn bá ti ń bímọ lórí òkè Foel Wen, ẹ má wá Ithel Pugh sílé. Òun ni ọdẹ tí wọ́n ń ké sí tí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ bá ń ṣa ọmọ àgùntàn jẹ bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú ló ti ń ṣọ́ òkè náà. Kò láya, kò bímọ. Òkè yẹn la fi ń mọ̀ ọ́n. Tí o bá bú imú rẹ̀, ó lè rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n má sọ pé kò mọ ìbọn yìn.

Ìbọn àtijọ́ kan tí ìwọ̀n ẹnu rẹ̀ ń jẹ́ .222 ló ní, ọta òjé ló sì ń lò. Òfin tuntun tí ìjọba fi de ọta òjé kò kan irú ìbọn kékeré bẹ́ẹ̀, àmọ́ Nesta Breeze, opó tó ni òkè, ṣe òfin tirẹ̀. Àwòdì tó ń jẹ òkú kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ń gbé òjé mì, májèlé sì ni fún un, Nesta sì fẹ́ràn àwòdì ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ.

"Ọta bàbà ni o, Ithel. Òjé ò gbọdọ̀ gun òkè mi mọ́."

Ithel fẹ́ kọ̀wé sí ọlọ́pàá kí wọ́n fi ìbọn tuntun, .223, kún ìwé àṣẹ ìbọn rẹ̀, torí ó gbọ́ pé ìyẹn ń gba ọta bàbà. Meurig, ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ ní ìbọn yíyìn, ló dá a dúró.

"Àǹkù, ẹ má da ara yín láàmú jàre. Kí ọlọ́pàá tó dáhùn, ọmọ àgùntàn á ti di ìyá àgbà. Ọta bàbà tó bá .222 yín mu rèé, mo ti bá yín wá a."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Ṣé mo lè tàn yín ni?"

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún, ọdẹ gbọ́dọ̀ yìnbọn sí bébà níṣojú Nesta. Ithel kì í gbé ọta tí kò tíì dán wò nílé débẹ̀. Lọ́dún yìí, kò dán an wò, torí ọwọ́ Meurig ló ti gbà á.

Ọta àkọ́kọ́ kò kan bébà rárá. Èkejì gé etí bébà. Ẹ̀kẹta dùbúlẹ̀ wọlé dípò kó fi ṣóńṣó ẹnu wọlé, ó fi ihò gbọọrọ sílẹ̀. Bàbà fúyẹ́ ju òjé lọ, wọ́n sì máa ń ṣe é gùn. Ìbọn àtijọ́ kì í yí i tó kó lè fò ṣánṣán.

"Ojú rẹ ti ń ṣú, Ithel," ni Nesta wí. "Ọjọ́ orí ni, kì í ṣe ẹ̀gàn. Àmọ́ mi ò fẹ́ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó gbọgbẹ́ tí kò kú. Meurig, ìwọ tó tẹ̀ lé e wá ńkọ́?"

Àṣé .223 tuntun ti wà nínú ọkọ̀ Meurig. Ó fi ọta bàbà yìn ín lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìdérí ìgò kan ì bá bo ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nesta fún un ní iṣẹ́ ọdẹ òkè náà lójú ẹsẹ̀, ó sì lọ dá ajá rẹ̀ tó ń gbó lẹ́kun.

Ithel sún mọ́ ọmọ náà.

"Ìbọn bàbá rẹ, .222 bíi tèmi ni. Ṣé o dán ọta yìí wò nínú ẹ̀?"

Meurig ń wo bàtà rẹ̀. "Mo dán an wò."

"Báwo ló ṣe rí?"

"Ó dùbúlẹ̀ wọlé. Àǹkù, tí mo bá tọrọ òkè yìí, ẹ ò ní gbé e fún mi láéláé."

Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn, ẹ̀gún ló há sọ́wọ́. Ọkàn Ithel gbọgbẹ́. Ohun tó dùn ún jù ni pé òótọ́ ni: kò ní gbé e fún un.

"Kí lẹ ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́?" ni Nesta bi wọ́n.

Gbólóhùn kan péré, Meurig á pàdánù òkè, ẹnu ayé á sì pa ìyá rẹ̀. Ithel gbé e mì.

"Ọ̀nà ni mò ń fi hàn án, Màmá."

Ó sì fi hàn án lóòótọ́: ẹ̀yìn ògiri òkúta tó wó, níbi tí abo kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ti máa ń yọjú tí oòrùn bá ń wọ̀, àti ìhà tí atẹ́gùn kò ti ní tú ọdẹ fó. Kò fi nǹkan kan pamọ́.

"Ẹ ṣé, Àǹkù."

"Má dúpẹ́. Ọmọ àgùntàn ni mo ṣe é fún. Ìwọ, mi ò mọ̀ ẹ́ rí."