Ìkúnlẹ̀ Tó Di Àdúrà

Ọdún méjìdínlógójì ni mo fi kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, n kò sì gbádùn rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹnu mi a ní, "Ẹ káàárọ̀, mà," inú mi a máa sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Obìnrin náà kì í tètè dáhùn. Á kọ́kọ́ wo gèlè mi láti orí àga rẹ̀, kó tó wá ní, "Ìyàwó, dìde."

Nígbà tí àìsàn oríkèé dé, dókítà ní kì í ṣe làkúrègbé àgbà lásán. Ó ní àwọn ẹ̀ṣọ́ tí Ọlọ́run fi sínú ara mi láti máa lé àrùn ló ṣìnà, wọ́n wá ń bá oríkèé mi jà. Mo ní bí ẹ̀ṣọ́ àdúgbò wa ní Ṣàngó náà ṣe ń ṣe nìyẹn: onílé ni wọ́n máa ń dá dúró, olè a sì kọjá. Kò rẹ́rìn-ín. Ó fún mi ní oògùn ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó sì kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ lò ó lójoojúmọ́.

Láàárọ̀, ìka mi kì í ká títí oòrùn yóò fi ga, bẹ́ẹ̀ aṣọ ni mò ń rán jẹun. Mo wá ń sọ fún àwọn oníbàárà pé iná kò sí. Ní Ṣàngó, ta ló máa jiyàn?

Ọmọ mi obìnrin tó ń gbé ní Ijoko kò gbà. Ó ká mi mọ́ ibi tí mo ti ń fi eyín ṣí ìgò ẹ̀pà, ló bá ní kí n ti ṣọ́ọ̀bù, kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Mo kọ̀. Ṣọ́ọ̀bù yẹn ni mo fi tọ́ ọ lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ kú. Bí mo bá tì í, kí ni mo tún jẹ́? Ó bá lọ fẹjọ́ mi sùn ní Àtàn, lọ́dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo tí n kò lè kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀: ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin, ẹni tí mo ń kúnlẹ̀ kí yìí.

Lọ́jọ́ Sunday tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi pe èmi àti ọmọ mi, mo ti fi omi gbígbóná rẹ ọwọ́ láti ìdájí. Mo wọ bùbá ọlọ́wọ́ gígùn kí wọ́n má baà rí ọrùn ọwọ́ mi tó wú. Mo pinnu pé màá kúnlẹ̀ dáadáa, kí wọ́n lè rí i pé ara mi ṣì le.

Mo kúnlẹ̀, ó sì wuyì.

"Ìyàwó, dìde."

Eékún mi kọ̀ jálẹ̀. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo bẹ̀rẹ̀ àdúrà.

"Ẹ ẹ̀ ní rí ibi o, mà."

"Àmín."

"Ẹ ó pẹ́ fún wa."

"Àmín."

Mo gbàdúrà fún ọmọ, mo gbà á fún ọmọ ọmọ. Mo gbàdúrà fún títì Ìdíròkò àti tiransifọ́mà àdúgbò wọn. Nígbà tí mo dé orí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìnkùlé, àmín ọmọ mi ti ń kéré, eékún mi ló ń wò.

"Lọ bu omi wá fún ìyá ẹ," ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wí fún un.

Bí ọmọ mi ṣe wọlé lọ, obìnrin náà na ọ̀pá rẹ̀ sí mi. "Ó ti tó. Ọlọ́run ti gbọ́. Di èyí mú."

Mo fà, ó fà, àwa méjèèjì ń kérora. Ìgbà náà ni mo rí ìka rẹ̀ lára ọ̀pá, ó wọ́ bíi tèmi.

"Àbí ìgbéraga lo rò pé kì í jẹ́ kí n dìde lórí àga láti ọjọ́ yìí?"

Nígbà tí omi dé, mo ti wà lórí àga, mò ń tún gèlè ṣe.

"Ẹni tó lè wà lórí eékún gbàdúrà báyìí," ó sọ fún ọmọ mi, "lo ní kò lè jókòó ti maṣíìnì? Kò ní ti ṣọ́ọ̀bù kankan." Ó wá kọjú sí mi. "Ṣùgbọ́n láti òní lọ, o ò gbọdọ̀ kúnlẹ̀ fún mi mọ́."

Ohun tí mo ti ń fẹ́ gbọ́ láti ọdún méjìdínlógójì nìyẹn. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ tá a wọ̀ padà sí Ṣàngó, mo rántí ìka rẹ̀ lára ọ̀pá, ẹkún gbọ̀n mí, mo sun ún bí ọmọdé. Ọmọ mi béèrè bóyá eékún ló ń dùn mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.