Ìkòkò Aró Tí Kò Jẹ́ Kí Kílárà Sùn

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá gbé ẹ̀wà kaná, wọn ò ní jẹ́ kó gbádùn ara rẹ̀. Wọ́n á ṣí i, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á dé e. Kò ní pẹ́, wọ́n á tún ṣí i. Bí ẹ bá ní irú wọn nílé, ẹ má bú wọn o. Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá wọ́n ti jẹun. Ọ̀dọ̀ Kílárà aláró ni wọ́n ti kọ́ ọgbọ́n yìí ní Kúdẹtì. Títí tó fi darúgbó kùjọ́kùjọ́, Ìyá Aṣíkòkòwò ni wọ́n ń pè é, bẹ́ẹ̀ ó ti pẹ́ tó ti jáwọ́ nínú ìkòkò ṣíṣí. Orúkọ ìnagijẹ kì í gbọ́ pé ènìyàn ti yí padà.

Ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Ìbàdàn ni Ọlábọ̀wálé ahunṣọ gbé e níyàwó. Ọ̀ṣuntúndé ni àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Ọjọ́ tó ṣe ìrìbọmi ló di Clara, ẹnu àwọn ará ilé sì sọ ọ́ di Kílárà. Aláró ni ìyá rẹ̀, aláró ni ìyá ìyá rẹ̀, kò sì sí ọjọ́ kan tí èékánná òun náà kì í dúdú. Ìdí aró Ìyá Ràbíátù ló ti ń ṣiṣẹ́. Mùsùlùmí àgbàlagbà ni ìyá yìí, kì í fi ìrun rẹ̀ ṣeré, kì í sì í fi ìkòkò rẹ̀ ṣeré. Bó bá wo ènìyàn lẹ́ẹ̀kan, onítọ̀hún á wá ibi kan fi ọwọ́ pamọ́ sí.

Iṣẹ́ aró kò le lójú ẹni tó jókòó tó ń wò ó. Wọ́n á gún ewé èlú, wọ́n á sá a, wọ́n á kó o sínú ìkòkò, wọ́n á da omi eérú tí wọ́n ti sẹ́ lé e lórí. Wọ́n á wá dé e pinpin, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ títí yóò fi mú. Fífi í sílẹ̀ yẹn gan-an ló le níbẹ̀. Aró kò fẹ́ afẹ́fẹ́. Ìkòkò tí wọ́n bá ń ṣí lemọ́lemọ́, aró inú rẹ̀ kò ní mú láéláé, aṣọ tí wọ́n bá sì rì sínú rẹ̀ á jáde bí aṣọ tí wọ́n fi omi ẹ̀fọ́ fọ̀. Kílárà mọ gbogbo èyí láti kékeré. Ṣùgbọ́n ohun tí orí mọ̀, ọwọ́ lè má gbọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ló dá a sílẹ̀. Nígbà tí Kílárà ṣe ìrìbọmi, kò bá àwọn aláró ẹgbẹ́ rẹ̀ fi obì bọ Ìyá Mapó mọ́, òrìṣà tó jẹ́ ti àwọn obìnrin oníṣẹ́ ọwọ́. Kò sí ẹni tó bá a jà. Obìnrin kan ló kàn sọ fún un ní Ọjà'ba pé, "Clara, àbí Kílárà, o ti fi Ìyá Mapó sílẹ̀. Ó dáa, a ó máa wo bí aró rẹ yóò ṣe máa mú." Ẹ̀fẹ̀ ni obìnrin náà ń ṣe, ó sì ti gbàgbé ọ̀rọ̀ ọ̀hún kó tó dé Bẹẹrẹ. Ti Kílárà ló yàtọ̀. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà wálé, ó tẹ́ ẹní fún un.

Bó ṣe di pé bó bá ti po aró tuntun, àyà rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í já nìyẹn. Á jí ní ìdájí, á lọ ṣí ìkòkò. Á ṣí i nígbà tí oòrùn bá yọ, á fi ahọ́n tọ́ ọ wò, á gbóòórùn rẹ̀, á dé e. Kó tó gúnyán ọ̀sán, ó ti tún padà síbẹ̀. Aró bàjẹ́. Ó po òmíràn, ó tún ṣọ́ ọ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ìyẹn náà bàjẹ́. Àwọn ọmọ àdúgbò ló fún un lórúkọ Aṣíkòkòwò, wọ́n sì fi ijó sí i.

Ìyá Ràbíátù kò jó. Ó pe Kílárà jókòó. "Ìyàwó wa," ó ní, "mi ò bá ọ ja ìjà ẹ̀sìn, nítorí èmi náà kì í bọ òrìṣà. Ìkòkò ni mo ń bá ọ sọ. Méjì ti bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Bí ẹ̀kẹta bá tún bàjẹ́, fi ìdí aró sílẹ̀, kí o lọ máa ta ata. Ata kò ní ìdérí."

Kílárà dúpẹ́, ó dìde, ó sì lọ fi ẹkún wẹ ojú lẹ́yìnkùlé. Ìdí aró ni ayé rẹ̀. Ọgbọ́n tirẹ̀ ni pé kí òun gbààwẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Kò jẹun láàárọ̀, kò jẹun lọ́sàn-án. Bó bá dálẹ̀, á ní òun ò lè gbé nǹkan mì. Orúnkún rẹ̀ bó níbi tó ti ń kúnlẹ̀ gbàdúrà, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀ síbẹ̀. Ọlábọ̀wálé, bàbá Dayọ̀ ọmọ wọn, bẹ̀ ẹ́ títí. "Ìyá Dayọ̀, o ti rù tó bẹ́ẹ̀ tí mo lè fi ọ́ ṣe òwú ìhunṣọ," ló wí. Kílárà kò rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, bí ìjọ ṣe dìde láti kọrin, ojú Kílárà ṣú. Ó ṣubú lu Màmá Lúsì, òun àti gèlè Màmá sì jọ balẹ̀. Opó ni Màmá Lúsì, òun ló ń kọ́ àwọn obìnrin tó fẹ́ ṣe ìrìbọmi. Ó sanra, ó láyọ̀, kò sì sí ohun tó ń ká a lára kó pẹ́ níbẹ̀. Ó gbé gèlè rẹ̀, ó gbọn eruku ara rẹ̀, ó sì fa Kílárà lọ sílé rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì.

"Kí lo jẹ láàárọ̀?"

"Mo ń gbààwẹ̀ ni, Màmá."

"Àná ńkọ́?"

"Ààwẹ̀ náà ni."

"Ta ló ní kí o gbà á?"

"Ẹ̀rù ni, Màmá."

"Ẹn-ẹ́n! Ààwẹ̀ tí Ọlọ́run bá pe ènìyàn sí, ó ní ìtura nínú. Èyí tí ẹ̀rù bá pè é sí, ebi lásán ni. Ebi kì í sì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Jókòó."

Ó gbé ẹ̀kọ gbígbóná àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ ka iwájú rẹ̀, ó sì dúró tì í títí ó fi jẹ ẹ́ tán. Ó pọn omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún un, ó ní kó lọ wẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tẹ́ ẹní, ó ní kó sùn. Kílárà fẹ́ sọ pé ìkòkò ń dúró de òun, ṣùgbọ́n oorun ti gbé e lọ kó tó rí ọ̀rọ̀ náà sọ.

Nígbà tó jí, ó sunkún, ó sì sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ gan-an. "Màmá, bí ìkẹta bá bàjẹ́, wọn á ní òrìṣà ló ń bá mi jà. Ẹ̀rù ń bà mí pé èmi náà á gbà wọ́n gbọ́."

Màmá Lúsì kò bá a wí. Ó ní, "Ìkòkò kọ́ ni yóò jẹ́rìí fún ọ pé Ọlọ́run wà. Jẹ́ kí n bi ọ́. Ṣé Ọlọ́run tí o gbà gbọ́ máa ń sùn ni?"

"Rárá o, Màmá."

"Bí òun bá ti lajú sílẹ̀, kí ni ìwọ náà lajú sílẹ̀ fún? Ṣé ẹ̀yin méjèèjì ni ẹ ó máa ṣọ́ ìkòkò kan ṣoṣo?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Kílárà kó tó mọ̀. Ó ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín.

"Gbọ́ ohun tí o ó ṣe," Màmá tún wí. "Bí ọwọ́ bá ti ń yún ọ láti ṣí ìdérí, fi ọwọ́ náà bu omi mu. Jókòó, kí o mí kanlẹ̀, kí o sọ fún Olúwa pé tirẹ̀ ni ìkòkò náà. Bí ọwọ́ bá tún yún ọ, fi bu ẹ̀kọ. Ọwọ́ tó dí kò ráyè ìdérí."

Kílárà padà lọ po ìkòkò kẹta. Ó dé e, ó sì jìnnà sí i. Omi tó mu nígbà náà pọ̀ débi tí Ọlábọ̀wálé fi bi í bóyá odò Kúdẹtì ṣì wà níbi tí wọ́n fi í sí. Ó ń jẹun ní àsìkò. Bí oòrùn bá mú, á fẹ̀yìn lélẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kún padà díẹ̀díẹ̀. Ẹ má rò pé ẹ̀rù tán lọ́jọ́ kan o. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọ̀rọ̀ obìnrin Ọjà'ba yẹn tún dìde nínú rẹ̀, àyà rẹ̀ já, kó sì tó mọ ohun tó ń ṣe, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí ìdérí. Ìyá Ràbíátù ń wò ó láti ìdí ìkòkò tirẹ̀. Kílárà pa ojú dé. Ó mí kanlẹ̀. "Olúwa, ti ìkòkò, tìrẹ ni," ló wí jẹ́jẹ́. "Tèmi ni kí n lọ wẹ̀." Ó sì lọ wẹ̀.

Ọjọ́ náà ló sọ fún ọkọ rẹ̀ pé, "Bàbá Dayọ̀, bí kò bá mú, n ó ta ata. Bí mo bá ń ta ata náà, n ó ṣì máa lọ sílé Ọlọ́run." Bó ṣe sọ ọ́ tán, ó rí i pé ara òun fúyẹ́. Ó dùn mọ́ ọn ju kí ẹnì kan fún un ní ẹ̀bùn lọ.

Nígbà tí ó tó àsìkò láti ṣí ìkòkò, àwọn obìnrin ìdí aró pé jọ, àwọn tí kò ní iṣẹ́ níbẹ̀ náà sì wá wò ó. Wọ́n wá Kílárà, wọn ò rí i. Ìyá Ràbíátù fúnra rẹ̀ ló wọlé lọ, ó bá a lórí ẹní, tó ń hanrun gan-an.

"Ìyàwó! Wọ́n fẹ́ ṣí ìkòkò rẹ, o ń sùn! Ta ló wá ń ṣọ́ ọ?"

Kílárà la ojú kan. "Ẹni tí kì í sùn ni, ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fọ ojú."

Wọ́n ṣí i, wọ́n ri aṣọ sí i, wọ́n sì fà á jáde. Àwọ̀ ewé tútù ni aṣọ náà ní, gẹ́gẹ́ bí aṣọ aró ṣe máa ń rí bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Afẹ́fẹ́ tó jẹ́ ọ̀tá rẹ̀ nínú ìkòkò náà ló ń sọ ọ́ di dúdú lóde, ó sì ń gba sùúrù. Gbogbo wọn tẹjú mọ́ okùn tí wọ́n sá a sí. Kílárà kò wò ó. Ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó jókòó, ó tú ewé ẹ̀kọ rẹ̀, ó gbàdúrà sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ.

Ìgbà tó gbọ́ tí àwọn obìnrin hó yèè ló tó yíjú. Aṣọ náà ti dúdú kirikiri, ó ń dán. Ẹ wo bí inú Kílárà ṣe dùn! Ó di Ìyá Ràbíátù mú, ó fẹ́ máa fò sókè, ṣùgbọ́n ìyá náà ti jókòó sílẹ̀ lórí àpótí.

"Àlàmùdù lílàhì," ìyá náà mí kanlẹ̀. Ó wá na ọwọ́ sí ewé tó wà níwájú Kílárà. "Bù fún mi nínú ẹ̀kọ yẹn, ọmọ mi. Àyà mi ń já lórí ìkòkò rẹ láti àná, èmi náà ò tíì jẹun."