Ẹrẹ̀ Ọjọ́ Jímọ́

Ìyá Kòkòrò ni wọ́n ń pè é níbi tí wọ́n ti ń tún omi ìdọ̀tí ìlú ṣe, ó sì ń jẹ́ ẹ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú lásán ò lè rí ló ń tọ́jú. Wọ́n á kọ́kọ́ há wọn mọ́ táǹkì tí kò ní atẹ́gùn. Bí wọ́n bá wá bọ́ sí èyí tí atẹ́gùn ti ń hó yaya, ṣe ni wọ́n á máa gbé fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú omi mì bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣínu. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ọ̀hún, ara ìgbẹ́ àti ọṣẹ ló ti ń wá. Ajílẹ̀ ni. Bó bá pọ̀ jù nínú adágún, èéhù aláwọ̀ ewé á bo ojú omi, ẹja á kú.

Bí àwọn kòkòrò bá ti yó, wọ́n á rọlẹ̀ bí ẹrẹ̀, kíá ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ fa ẹrẹ̀ náà jáde. Bó bá pẹ́ nísàlẹ̀ láìrí atẹ́gùn, wọ́n á bi ohun tí wọ́n jẹ padà sínú omi. Obìnrin yìí mọ èyí bí ẹní mowó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ́ kan, ẹ̀rọ tó ń fa ẹrẹ̀ kọ̀, kò ṣiṣẹ́. Ó yẹ kó pe mẹkáníìkì. Ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ ti ń fọn fèrè mọ́tò lẹ́nu géètì. Wọ́n fẹ́ lọ wo ọmọ wọn nílé ìwé. Obìnrin náà ní, “Bó bá di Mọ́ńdè, mà á rí sí i.”

Nígbà tó padà dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè, àwọn kòkòrò ti bi ohun tí wọ́n jẹ, omi sì ti gbé e jáde. Ó ní kí wọ́n tún ẹ̀rọ ṣe, ó sì panu mọ́.

Kò pẹ́ tí adágún ìsàlẹ̀, níbi tí omi táǹkì ń ṣàn lọ, fi di àwọ̀ ewé. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti ń sin ẹja. Ẹja kú lọ súà. Ẹ̀gbọ́n náà gbà pé ajílẹ̀ bàbá àgbẹ̀ kan tó ń dáko létí omi ló fà á, ó sì fi bàbá náà wọ́lẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Ìyá Kòkòrò gbọ́, ó kàn ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kẹ́dùn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń kó òkú ẹja, bàbá àgbẹ̀ gbé agbọ̀n wá bá wọn kó o. Ó bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Kòkòrò.

“Má bínú, ọmọ mi,” ló wí. “Bóyá òjò ló gbá ajílẹ̀ mi wọ omi. Èmi ni mo jẹ ẹ̀gbọ́n rẹ níyà.”

Obìnrin náà ju ẹja ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

“Bàbá, kì í ṣe ẹ̀yin. Èmi ni. Mo fi ẹrẹ̀ sílẹ̀ níbi iṣẹ́, mo bá tèmi lọ.”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbójú sókè. “Ìwọ tó ò ń bá mi kẹ́dùn látijọ́ yìí?”

“Èmi náà ni, bọ̀ọ̀dá mi.”

Ọ̀dọ̀ bàbá ni ẹ̀gbọ́n náà lọ, ó ní, “Ẹ foríjì mí, bàbá.”

Obìnrin náà fẹnu ara rẹ̀ sọ fún ọ̀gá rẹ̀. Wọ́n gba táǹkì lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi í síbi tí wọ́n ti ń ṣa àkísà àti ọ̀rá kúrò nínú omi. Kò jiyàn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti tún kó ọmọ ẹja sómi. Ó ń jẹ́ ẹ bí àbúrò rẹ̀ bá kí i. Ṣùgbọ́n bó bá béèrè bí ẹja ṣe ń ṣe, “Wọ́n wà,” ni yóò wí, á sì yíjú síbòmíì.